Ọ̀rọ̀ Tí Ń Ya Àwòrán: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Ṣe Lè Gbọ́ Ọ, àti Bí A Ṣe Lè Túmọ̀ Rẹ̀

Olóòtú ètò yìí ti sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá àti ti Jàpáànù ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò papọ̀, mo sì mọ̀ pé yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Kí ni ó pa Àìṣègbà-Èkìtì pọ̀ mọ́ Jàpáànù? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ìyá mi kékeré, àbúrò ìyá tí ó bí mi, tí ó tọ́ mi dàgbà ní Àìṣègbà, ni ẹsẹ̀ ń dùn. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà nọ́ọ̀sì kan tí kò tí ì dàgbà púpọ̀ ni ó ń ṣe ògbufọ̀. Nọ́ọ̀sì bi Màmá pé kí ni ó ń ṣe wọ́n. Èdè Èkìtì ni Màmá fi dáhùn, ṣùgbọ́n n óò kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ: "Ọmọ mi, ti òsì ń ro mí gógó, ìyẹn ti di ará ilé. Ti ọ̀tún yìí ni mo bá wá. Láti àná ni ó ti ń lù kì-kì-kì, n kò fojú kan oorun." Nọ́ọ̀sì yíjú sí dókítà, ó sì sọ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹsẹ̀ méjèèjì ní ń dun ìyá àgbà. Kò purọ́. Dókítà fi ojú wo ẹsẹ̀ méjèèjì, ó kọ oògùn ìrora, ó ní kí a máa lọ sílé.

Màmá ni kò dìde. Ó gbé ọwọ́ lé orí tábìlì dókítà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú, kì-kì-kì, kì-kì-kì, ó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Dókítà gbé ojú sókè. Ó padà sí ẹsẹ̀ náà, ó tẹ ibi tí ó ga díẹ̀ ju gìgísẹ̀ lọ, Màmá sì figbe ta. Ọyún ni ó ti gbá jọ sí abẹ́ awọ. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n là á.

Kí ni ó sọnù lẹ́nu ògbufọ̀? Ọ̀rọ̀ méjì péré: gógó àti kì-kì-kì. Gógó ni ìrora tí ó jókòó sínú egungun, tí kì í lọ tí kì í bọ̀, bí ti làkúrègbé. Kì-kì-kì ni ìrora tí ń lù pẹ̀lú ìlù ọkàn, irú èyí tí a máa ń rí níbi tí nǹkan bá ti ń gbá ọyún jọ. Gbogbo àlàyé àìsàn náà wà nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí. Ìyókù, pé ẹsẹ̀ ń dun arúgbó, ẹnikẹ́ni lè rò ó fúnra rẹ̀. N kò sì bá nọ́ọ̀sì náà wí. Àwa olùkọ́ ni a kọ́ ọ pé ọ̀ṣọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè, pé bí a bá yọ wọ́n kúrò, gbólóhùn ṣì pé.

Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti Jàpáànù wá kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wa, kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní ní ìlú àwọn, dókítà gan-an ni í béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé irú ìrora wo ni: ṣé zukizuki ni, èyí tí ń lù bí ti ẹsẹ̀ Màmá, àbí chikuchiku, èyí tí ń gún ni bí abẹ́rẹ́, àbí hirihiri, bí ti ojú ibi tí iná jó? Bí ó bá jẹ́ orí ni ó ń fọ́ ènìyàn bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú, gangan ni wọn yóò pè é. Láti ọdún 2008 ni Jàpáànù ti ń gba àwọn nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó láti Indonéṣíà, láti 2009 ni ó ti ń gbà wọ́n láti Filipínì, Vietnam sì tẹ̀ lé e ní 2014. Irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tí ó máa ń fún wọn ní wàhálà jù nídìí ibùsùn aláìsàn, nítorí pé ẹni tí ó ti kọ́ gírámà yanjú lè má tí ì gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn rí.

Irú ọ̀rọ̀ wo wá ni ìwọ̀nyí? Èyí tí ó ń sín ìró jẹ nínú wọn ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ wa ń pè ní ìfìrósínjẹ: a kan ilẹ̀kùn kọ́-kọ́-kọ́, igi wó gbì. Ṣùgbọ́n ìró kọ́ ni gbogbo wọn ń sín jẹ. Ìró wo ni ó wà nínú "ó rẹ́rìn-ín músẹ́"? Ìró wo ni ó wà nínú "ó ga fíofío" tàbí "ó mọ́ tónítóní"? Àwọn ará Jàpáànù ti yà wọ́n sọ́tọ̀: giongo ni èyí tí ń sín ìró jẹ, gitaigo ni èyí tí ń fi bí nǹkan ṣe rí hàn láìsí ìró níbẹ̀ rárá. Kirakira ni ìràwọ̀ tí ń tàn. Nikoniko ni ẹ̀rín músẹ́ wa gan-an. Wọ́n tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún ìdákẹ́rọ́rọ́, èyíinì ni shiin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú ìwé àwòrán wọn, mo rò pé omi gbígbóná ni ó ń hó níbì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìró tí a kò gbọ́ ni. Mo fẹ́ bá a jiyàn, kí n tó rántí pé àwa náà ń sọ pé ilé pa lọ́lọ́.

Ní ọdún 1907, ọmọ Jámánì kan, Diedrich Westermann, kọ ìwé lórí gírámà èdè Ewe, èdè àwọn aládùúgbò wa ní Tógò àti Gánà. Orúkọ tí ó fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí túmọ̀ sí àwòrán tí a fi ìró yà. Ní 1935, Clement Doke fún wọn ní orúkọ mìíràn nígbà tí ó ń ṣàlàyé àwọn èdè Bantu, orúkọ tirẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè sì ń lò káàkiri àgbáyé títí di òní. Ti Westermann wù mí jù. Ọ̀rọ̀ ayàwòrán ni n óò máa pè wọ́n nínú ọ̀rọ̀ mi yìí.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tí ó fi ìwé ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú Yorùbá ni O. E. Vidal, bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Sàró, nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí ó kọ sí ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1852. Ohun tí ó ya Vidal lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kan wà ní Yorùbá tí wọn kì í bá gbogbo ọ̀rọ̀ rìn: olúkúlùkù ní ẹnì kejì tirẹ̀, kì í sì í fi í sílẹ̀ lọ bá òmíràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí "gan-an" tàbí "púpọ̀", ibi gbogbo ni ó sì ń bá a lọ. Ní tiwa, ohun tí ó pupa, pupa fòò ni. Ohun tí ó funfun, funfun báláú ni. Ohun tí ó dúdú, dúdú minimini. Omi tutù nini, oúnjẹ dùn yùngbà, igbá kún fọ́fọ́, ọ̀nà jìnnà réré, ọmọ sì sùn fọnfọn.

Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ṣubú. Mo mú un lọ sí Àìṣègbà ní àkókò ìsinmi kan, nígbà tí ẹsẹ̀ Màmá ti san. A dé ọjà, ó dúró níwájú aláta, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ìgboyà pé, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ata yín pupa fíofío!" Ìyá aláta wò ó, ó wo ata, ó tún wò ó. "Ọmọ mi," ni ó wí, "ṣé ata mi ga tó òpó iná ni?" Gbogbo ìsọ̀ ni ó bú sẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbọ́ "ó ga fíofío" ní kíláàsì mi, mo sì ti sọ fún un pé "fíofío" túmọ̀ sí "gan-an". Èmi olùkọ́ ni mo jẹ̀bi. Gan-an kọ́ ni fíofío. Ojú tí ó ń gòkè tẹ̀ lé nǹkan tí kò tètè tán ni fíofío. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ayàwòrán láìso ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "ga fíofío" nínú ìwé àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe méjì.

Kí ẹ má baà rò pé àlejò nìkan ni ó ń ṣì í, ẹ gbọ́ tèmi. Èmi náà ń kọ́ èdè Jàpáànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó kọ ìwé ránṣẹ́ sí mi, ó ní Jàpáànù mi ti di perapera. Inú bí mi. Létí ọmọ Yorùbá, kí ni perapera lè jẹ́ bí kò ṣe aṣọ tí ó ti ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́? Mo rò pé ó ń sọ pé mo ti fa èdè àwọn bàbá rẹ̀ ya. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni mo tó bi í, tí mo fi mọ̀ pé ó ń yìn mí ni: perapera ni wọ́n ń pe ẹni tí èdè àjèjì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣé kò wá sí òfin kankan nínú wọn, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi máa há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ayé? Ó wà. Èyí ni apá tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi láàyè níbẹ̀.

Ẹ gbé róbótó àti ròbòtò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nǹkan roboto ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú ọmọdé kékeré ni róbótó. Ikùn ọlọ́rọ̀ tí ó jókòó sórí àga ni ròbòtò. Ẹ gbé pẹ́lẹ́bẹ́ àti pẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Nǹkan tí ó tẹ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n pẹ́lẹ́bẹ́ kéré ó sì fẹ́lẹ́, pẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì gba ilẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì kò yí padà, fáwẹ̀lì kò yí padà. Ohùn nìkan ni a gbé sílẹ̀, nǹkan náà sì tóbi, ó wúwo. Ohùn òkè fún èyí tí ó kéré, ohùn ìsàlẹ̀ fún èyí tí ó tóbi: ẹni tí ó bá ti gbọ́ agogo kékeré àti ìyá ìlù rí mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu Yorùbá nìkan ni èyí ti wá.

Èdè Jàpáànù kò ní ohùn bí tiwa tí wọn lè fi ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí ni wọ́n wá ń lò? Kọ́ńsónáǹtì ni. Korokoro ni òkúta wẹ́wẹ́ tí ń yí lọ. Gorogoro ni àpáta ńlá, tàbí àrá tí ń sán. Tonton ni ẹni tí ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Dondon ni ẹni tí ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú. Kirakira ni ìtànṣán ìràwọ̀ tí ó tuni lára. Giragira ni ìtànṣán tí ń gún ni lójú, bí oòrùn tí ń ràn janjan. Ẹ rí ohun tí wọ́n ṣe: k di g, t di d. Kọ́ńsónáǹtì tí kò kùn nínú ọ̀fun ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó kéré tí ó sì fúyẹ́. Èyí tí ó ń kùn ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó tóbi tí ó sì wúwo. Ohun tí àwa ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe, wọ́n ń fi k àti g ṣe é. Nígbà tí mo fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú àpẹẹrẹ róbótó àti ròbòtò, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ní gorogoro."

Ti àpètúnpè ńkọ́? Omi kán tó: ẹ̀ẹ̀kan. Omi ń kán tó-tó-tó: kò tí ì dáwọ́ dúró. Mànàmáná kọ mànà: ó kọ, ó lọ. Ó ń kọ mànàmànà: ó ń ṣe é léraléra. Ní Jàpáànù, korori ni nǹkan tí ó yí lẹ́ẹ̀kan tí ó dúró, korokoro ni èyí tí ń yí lọ. Pikari ni ìmọ́lẹ̀ tí ó bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan. Èyí rọrùn, kò gba àlàyé púpọ̀.

Ṣùgbọ́n àpètúnpè kan wà ní Yorùbá tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ kọ sójú pátákó. Ẹ ka àwọn wọ̀nyí sókè: jágbajàgba, wúruwùru, kátakàta, rádaràda, pálapàla. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dára. Gbogbo wọn ni nǹkan tí ó dàrú, tí kò tò, tí a kò lè fi ọkàn tán. Ohùn náà fúnra rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ọkọ̀ tí ń rìn lójú ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́. Ẹ wá fi wọ́n wé kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ tàbí gbọnyingbọnyin, tí ohùn wọn tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ óò rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣàpèjúwe náà tẹ́jú ni, tàbí ó dúró. Ẹnì kan lè ní kítakìta ńkọ́, nítorí pé iṣẹ́ tí a ṣe kítakìta kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tí ń ṣe kítakìta: ọ̀nà rẹ̀ kì í lọ geere. Bí ẹ bá fẹ́ dán òfin yìí wò, ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè, ẹ ní "àga lókolòko" àti "àga lókólókó", kí ẹ sì bi wọ́n pé èwo ni wọn yóò fẹ́ jókòó lé. Mo ti ṣe é. N kò tí ì rí ẹni tí ó jókòó lé ti àkọ́kọ́.

Olóòtú ètò wa bi mí ní ìbéèrè kan kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè náà sì dára: bí ìró bá ń gbé ìtumọ̀ wá báyìí, ṣé àjèjì kò lè kàn fi etí gbọ́ ọ, kí ó sì mọ̀ ọ́n? Àwọn onímọ̀ kan ní Nẹ́dálándì ti dán an wò. Mark Dingemanse, ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ èdè Siwu ní ìlà-oòrùn Gánà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde kan jáde ní 2016. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ ayàwòrán láti inú èdè márùn-ún jọ, Jàpáànù, Korea, Semai, Siwu àti Ewe, wọ́n sì ní kí àwọn tí kò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn fi etí mọ ìtumọ̀ wọn. Àwọn ènìyàn náà mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ń fọwọ́ lásán mú lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n fi jù ú lọ. Àwọn tí ń sín ìró jẹ ni wọ́n mọ̀ jù. Nínú iṣẹ́ mìíràn ní ọdún náà, a kọ́ àwọn ará Nẹ́dálándì ní ọ̀rọ̀ Jàpáànù. A fún wọn ní ìtumọ̀ gidi fún àwọn kan, a sì fi òdìkejì ìtumọ̀ tan wọ́n jẹ fún àwọn yòókù. Èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ gidi ni wọ́n rántí jù.

Ohun tí mo rí dì mú nínú èyí fún àwa olùkọ́ ni pé etí nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ṣí i fún ọ, etí ni kò ní jẹ́ kí ó tún tì. Ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ kí ó máa méfò. Ẹ sọ ìtumọ̀ fún un, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bi í pé, "Ǹjẹ́ o gbọ́ ọ nínú ìró rẹ̀?"

Ẹ sì jẹ́ kí ó rí ọwọ́ yín. Sotaro Kita, ọmọ Jàpáànù, kọ̀wé ní 1997 lórí bí ọwọ́ ṣe máa ń bá irú ọ̀rọ̀ yìí rìn lẹ́nu àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo ti rí i ní Àìṣègbà kí n tó kà á nínú ìwé. Ẹ wo bí Màmá ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì dókítà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó tì í nídìí odó, tí ó ń béèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé iyán ti kúnná, Màmá kò sọ gírámà kankan. Ó ní kí ó di ojú, kí ó gbọ́ odó. Iṣu (usu ni àwa ń pè é ní Èkìtì) ṣì le nígbà náà, ọmọrí odó sì ń dún gan-an-ran bí ẹni lu igi. Bí iṣu ti ń fọ́, ìró náà ń balẹ̀, ó ń di gbì, gbì, gbì. Nígbà tí ó kúnná tán, ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọrí odó, ìró rẹ̀ sì di ti ohun tí a ń fà tu. Ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tẹ àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Ẹni tí ó bá kọ́ gbì láti inú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan ti pàdánù ìdajì rẹ̀.

Mo wá dé orí ìtumọ̀, níbi tí ìjà wà. D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹni tí ó bá gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí ìṣòro tí mo ń sọ. Fágúnwà fẹ́ràn kí ó to ọ̀rọ̀ ayàwòrán lé orí ara wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní àpótí tí a lè kó wọn sí. Àṣà tirẹ̀ ni kí ó di ìrísí mọ́ inú ọ̀rọ̀-ìṣe: àwa yóò sọ pé ènìyàn yan fanda, pé ó yọ́ kẹ́lẹ́, pé ó rìn jẹ́jẹ́, pé wọ́n sáré gìrìgìrì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì yóò fi sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ọgbọ́n tí Ṣóyínká dá ni pé kò wá ìró rọ́pò ìró. Ó wá ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó lágbára, ó sì jẹ́ kí gbólóhùn rẹ̀ máa sáré bí ti Fágúnwà. Àwọn kan bá a wí pé ó yẹsẹ̀ kúrò lára ìwé. N kò sí lára wọn. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tí ń fo ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì fi "gan-an" dí ihò rẹ̀, nítorí ohun tí nọ́ọ̀sì wa ṣe nìyẹn.

Láti Jàpáànù sí Yorùbá, ẹnì kan lè rò pé yóò rọrùn, níwọ̀n bí àpótí ti wà níhà méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà. Ní 2007, ilé ìtẹ̀wé Shogakukan tẹ ìwé atúmọ̀ èdè kan jáde tí Ono Masahiro ṣe olóòtú rẹ̀, 4,500 ọ̀rọ̀ irú èyí ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ẹ mú òjò nìkan. Zaazaa ni òjò ńlá tí ń dà wààwàà; èyí kò le. Potsupotsu ni ẹ̀kán àkọ́kọ́, tó, tó, kí òjò tó dé gidi. Shitoshito ńkọ́? Mo túmọ̀ rẹ̀ sí wẹ́liwẹ́li, mo sì rò pé mo ti ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ mi mi orí. Ó ní wẹ́liwẹ́li tí òun rí ní Àìṣègbà ń fọ́n ká, ènìyàn lè rìn láàárín rẹ̀ dé ọjà láìrẹ. Ìyẹn sún mọ́ parapara. Shitoshito kò ní ariwo, kò lágbára, ṣùgbọ́n kì í tán bọ̀rọ̀, ó sì ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Mo wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un títí, n kò rí i. Ohun tí mo kọ níkẹyìn ni pé òjò náà rọ̀ jẹ́jẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kan di gbólóhùn wa kan. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju irọ́ kékeré tí ó bá a mu lọ.

Olùkọ́ kan tí ó wà láàárín wa níbí sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni àwọn òbí ń pe èyí, pé bí ọmọ bá kọ "ó já bọ́ pà" sínú àròkọ, àwọn olùkọ́ mìíràn a fi gègé pupa fa ìlà sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fà á. Ẹ bi ọmọ náà pé kí ni ó já bọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, pà tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ sọ fún un pé gbì ni. Ìbéèrè yìí ju ìlà pupa lọ, nítorí pé ọmọ náà yóò padà lọ wo nǹkan náà lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó dáhùn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ mi tó padà sí ìlú rẹ̀, ó tún lọ kí Màmá. Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání, ó ti pín ojú ewé sí méjì, Yorùbá ní apá kan, Jàpáànù ní apá kejì. Ó ti kọ zukizuki sí iwájú kì-kì-kì. Iwájú gógó ṣófo. Ó bi Màmá pé irú kí ni gógó gan-an. Màmá ní kí ó na ẹsẹ̀. Ó gbé àtàǹpàkò lé ojúgun rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé egungun, ó sì dúró síbẹ̀, kò gbé e kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ náà pa ojú dé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ẹ ṣé, mà, ó tó," ó mú gègé, ó sì kọ zuun.